Ìbínú Ni Mo Fi Jáwọ́ Nínú Sìgá

Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà nígbà tí wọ́n gé Èkìtì kúrò lára Oǹdó, tí ìjọba sì ní kí òṣìṣẹ́ kálukú máa lọ sí ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Mo di ẹrù mi, ìyàwó mi di máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, a gba Emùré lọ. Inú wa dùn pé ilé la ń lọ. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé mi sí kò ní àga tó fún àwọn tíṣà, ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà níwájú ilé tí a gbà sì ti gbẹ tipẹ́, ewúrẹ́ ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Odò kékeré kan ló ń bọ́ gbogbo àdúgbò wa. Ó ń ṣàn gba ìsàlẹ̀ ọ̀nà tó lọ sí Ìsẹ̀, ó ń kọjá lábẹ́ afárá kan, ó sì ń lọ dà sínú Ògbẹ̀sẹ̀ níwájú. Omi rẹ̀ là ń mu, òun la fi ń sebẹ̀, òun la fi ń fọ aṣọ.

Láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni mo ti ń mu sìgá. Ẹ má retí kí n sunkún lé e lórí. Ó dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ràn òórùn ìṣáná bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá a, mo fẹ́ràn bí èéfín àkọ́kọ́ ṣe máa ń jókòó sí àyà mi láàárọ̀, kí n tó jẹun, kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí mo bá ń kọ nǹkan sára pátákó, àwọn ọmọ kíláàsì mi a máa gbọ́ òórùn rẹ̀ lára ṣẹ́ẹ̀tì mi. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì bá wọn wí.

Ilé bíà kan wà létí odò náà, lókè ibi tí àwọn obìnrin ti ń pọn omi. Opó kan ló ni ín. Ó fi igi àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà, ó to bẹ́ǹṣì sábẹ́ rẹ̀, ó ń ta bíà, ó ń ta pẹpẹsúùpù, ó sì ń ta sìgá lọ́kọ̀ọ̀kan àti ní páálí. Ibẹ̀ ni àwa òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń pàdé sí bí a bá ti jáde níbi iṣẹ́. Èyí tó sún mọ́ mi jù nínú wọn jẹ́ akọ̀wé ní káńsù. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílé lọ́hùn-ún, òun nìkan ló ń gbé ní Emùré. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí inú bá sì bí i, èdè Ìkẹ́rẹ́ pọ́ńbélé ló ń jáde, àwọn ará Emùré á ní kó jọ̀ọ́ tún un sọ kí àwọn lè gbọ́. A jọ máa ń jókòó sórí òkúta tó yọ sínú omi. Bí sìgá bá jó dé ìdí, a ó fi ìka ta á sínú odò, á dún ṣìì, omi á sì gbé e lọ. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bèèrè ibi tó ń gbé e lọ.

Ìyàwó mi ló rí ibi tó ń gbé e lọ. Ọ̀sán Sátidé kan ni. Ọkùnrin kan wà tó máa ń dẹ ìgèrè sí ìsàlẹ̀ odò, ó sì máa ń gbé ẹja kiri ilé. Ìyàwó mi ra àrọ̀ kan tó sanra lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ sẹ́yìnkùlé láti ṣe é. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń sàmì sí ìwé àwọn ọmọ, sìgá wà lẹ́nu mi. Mi ò gbọ́ kó pariwo, nítorí kì í ṣe ẹni tí ń pariwo. Mo kàn rí i tó gbé abọ́ kékeré kan ka orí tábìlì níwájú mi. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀, ó rọ̀, ó wú, ó ní àwọ̀ ìdọ̀tí.

Ó ní, "Tiyín rè é. Inú ẹja ni mo ti bá a."

Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé tèmi ni. Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n wò ó dáadáa. Mo fi ìdí bírò yí i padà. Ìlà wúrà tín-ín-rín ṣì wà lára rẹ̀ yíká, irú èyí tó máa ń wà lára sìgá tí mo ń rà. Nínú gbogbo àwa tí a ń jókòó létí odò, èmi nìkan ló ń mu irú ẹ̀. Àwọn yòókù máa ń sọ pé afẹ́ ló ń dà mí láàmú.

Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ohun tó dà bí òwú nídìí sìgá kì í ṣe òwú. Irú nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe ike ni, kì í jẹrà bọ̀rọ̀, májèlé tí ẹnu wa kò bá sì fà, ibẹ̀ ló ń dúró sí. Ẹja náà ti rò pé oúnjẹ ni. Ìyàwó mi gbé ẹja tó kù wọlé, ó fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ó sè é, ó sì gbé e fún mi pẹ̀lú iyán. Òun fúnra rẹ̀ kò jẹ nínú rẹ̀. Mo bu òkèlè kan, mo ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sílé bíà, mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé mo ti jáwọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo sọ ti ẹja fún wọn, wọ́n tún rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ní ẹja náà jayé ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Mo lè fara da ìyẹn. Ohun tí n kò lè fara dà ni ohun tí akọ̀wé sọ lẹ́yìn tí ẹ̀rín ti rọlẹ̀. Ó tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó ń ṣàánú aláìsàn.

Ó ní, "Tíṣà, o ò lè ṣe é. Mo mọ̀ ẹ́. Kí owó oṣù tó wọlé, wàá ti padà wá síbí wá tọrọ iná lọ́wọ́ mi."

Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, bóyá n bá ti padà lóòótọ́. Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìbínú ló ń gbé ẹsẹ̀ mi. Mo kó gbogbo sìgá tó wà nílé, mo rẹ wọ́n sínú omi ọṣẹ, mo wa ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àlùfáà ìjọ wa gbọ́, ó ní kí n wá fún àdúrà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó máa gbà á, ṣùgbọ́n kó má sọ fún Ọlọ́run pé kó gba ìjà náà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ jà á fúnra mi.

Ìjà ni lóòótọ́. Orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì í. Ẹfun ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, ìlà tí mo bá fà sára pátákó a wọ́ bí ọ̀nà oko. Mo ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ tí kò ṣẹ̀ mí. Oúnjẹ kò dùn, oorun kò kún ojú. Mò ń jẹ orógbó títí ahọ́n mi fi korò. Ohun tó burú jù ni pé ọwọ́ mi kò mọ ibi tí yóò gbà: a máa lọ sí àpò àyà mi fúnra rẹ̀, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀, yóò sì padà. Mo tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ onílé wa, mo ń lọ kọ ebè bí mo bá ti dé láti ilé-ẹ̀kọ́. Mo ń kọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bú ní ìyá. Onílé wa dúró ní etí oko lọ́jọ́ kan, ó ní irú ebè wo lèyí, ṣé uṣu, iṣu lédè wọn, ni mo fẹ́ gbìn síbẹ̀ ni àbí mo fẹ́ sin erin. Mo ń kọ ebè mi lọ.

Owó oṣù wọlé, n kò tọrọ iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà náà ni mo tó padà sílé bíà. Ìyàwó mi bi mí pé kí ni mo tún ń lọ wá níbẹ̀. Mo ní n kò ní sá fún ibi tí mo ti ń jókòó. Mo ra mínírà, mo jókòó sórí òkúta wa, èéfín ń fẹ́ lu ojú mi, ọ̀fun mi ń yún mi. Akọ̀wé mu sìgá tirẹ̀ tán, ó ta ìdí rẹ̀ sínú omi bí ìṣe wa. Mo bọ́ bàtà, mo ká ṣòkòtò, mo wọ inú odò. Mo mú un kó tó dé abẹ́ afárá, mo gbé e padà, mo sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì níwájú rẹ̀ pẹ̀lú omi tó ń ro lára rẹ̀.

Ó wò mí, ó wò ó. Ó ní kí ni mo ń ṣe. Mo ní mò ń dá ẹrù rẹ̀ padà fún un. Ó tún mu òmíràn, ó tún jù ú sómi, mo tún lọ mú un wá. Báyìí la ṣe é títí ìrọ̀lẹ́ fi lẹ́. Bí ẹlòmíràn bá ju tirẹ̀, mo ń lọ mú ìyẹn náà. Àwọn kan bínú, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, akọ̀wé sì ń sọ èdè Ìkẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ. Mo mọ̀ pé ìwà mi le. Mo fẹ́ kó le bẹ́ẹ̀.

Opó tó ni ilé bíà pè mí sẹ́yìn àtíbàbà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ojú rẹ̀ le. Ó ní mò ń lé oníbàárà fún òun, ibi yẹn lòun ti ń bọ́ ọmọ. Mo bi í níbo ló ti ń pọn omi tó fi ń se pẹpẹsúùpù. Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí gbogbo obìnrin ti ń pọn ọ́n.

"Tíṣà, èmi náà mọ̀," ló wí. "Ṣé ẹ rò pé mi ò rí i ni? Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń ta sìgá fún wọn. Báwo ni n ó ṣe tà á tán, kí n tún wá bá wọn wí lórí ìdí rẹ̀?"

Mo ní òun gan-an ló yẹ kó bá wọn wí, nítorí òun ni wọ́n nílò. Ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún dé ibẹ̀, mo bá agolo mílíìkì òfìfo lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, iyanrìn odò kún un dé ìdajì, ó sì ti fi ìṣó kàn án mọ́ pákó kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé e ṣeré. Ó wa kòtò sí apá òkè, jìnnà sí omi, ibẹ̀ ló ń da ohun tó bá wà nínú agolo sí. Àwọn kan lò ó. Akọ̀wé kò lò ó. Ó ní kò sí ẹni tó lè kọ́ òun bí a ti ń mu sìgá ní ìpínlẹ̀ òun.

Ọ̀rọ̀ wà báyìí nígbà tí ọkọ̀ ńlá kan wọ ìlú láti ọ̀nà Adó. Ọjọ́ ọjà ni. Wọ́n ti ya àwòrán páálí sìgá sí i lára láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ̀rọ orin ńláńlá sì wà lórí rẹ̀. Orí pápá tó wà láàárín ilé-ẹ̀kọ́ wa àti odò ni wọ́n dúró sí. Àwọn omidan tó wọ aṣọ kan náà ń pín sìgá lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń pín fìlà, ẹni tó bá sì mu ún lójú wọn, wọ́n á jẹ́ kó wá fa ìwé nínú apẹ̀rẹ̀ bóyá yóò rí rédíò tàbí agbòjò. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gba ojú fèrèsé jáde. Mo tẹ̀ lé wọn láti kó wọn padà, n kò sì mọ̀ pé akọ̀wé wà níwájú pẹ̀lú fìlà tuntun lórí. Ó na ìka sí mi, ó sọ fún ọkùnrin tó di máìkì mú pé tíṣà yẹn ni kó fún, nítorí tíṣà náà ń sọ pé òun ti jáwọ́.

Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀. Àwọn èrò là fún un. Ó fi sìgá kan sí mi lọ́wọ́, ó gbé máìkì sún mọ́ ẹnu ara rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ọkàn yín ń fẹ́ ẹ. Ojú yín ti sọ fún mi."

Òótọ́ ló sọ. Omi ti kún ẹnu mi. Sìgá náà fúyẹ́ láàárín ìka mi bó ṣe máa ń fúyẹ́, ọwọ́ mi tó ti ń wá a kiri láti ọjọ́ yìí sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo rí àwọn ọmọ kíláàsì mi tí wọ́n ń wò mí.

Mo ní, "Ọkàn mi ń fẹ́ ẹ lóòótọ́, n kò ní mu ún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ tán, ta ni yóò ṣa ìdí gbogbo èyí tí ẹ pín kúrò nínú omi tí à ń mu?"

Ó rẹ́rìn-ín sínú máìkì, ó ní kí n má ṣe ìyọnu, òjò á fọ̀ ọ́ lọ. Mo bi í pé ibo ni òjò yóò fọ̀ ọ́ lọ. Ó ṣẹ́jú sí àwọn tó wà lókè ọkọ̀, wọ́n sì gbé orin sókè bo ohùn mi. Mo wá fi sìgá náà há ọkùnrin náà létí, bí káfíńtà ṣe ń fi pẹ́ńsùlù há etí, mo yípadà, mo ń lọ. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń fi mí rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń fi òun. Mi ò dúró kí n mọ èyí tó pọ̀ jù.

Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì rọ̀ gidi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kó àwọn àpò wá sí etí odò, ìyàwó mi sì tẹ̀ lé mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ó mú asẹ́ ògì rẹ̀ àtijọ́ dání. Gbogbo bèbè odò funfun. Ìdí sìgá so mọ́ gbòǹgbò igi, ó so mọ́ koríko, ó ń yí po níbi tí omi ti ń pòyì lẹ́yìn òkúta wa. Páálí wà níbẹ̀, bébà dídán inú páálí náà wà níbẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Opó dé, ó wò wá, ó ká ìró rẹ̀ sí orúnkún, ó bọ́ sínú omi. Àwọn obìnrin tó wá pọn omi dúró sí ẹ̀bá pẹ̀lú garawa wọn, inú wọn kò dùn sí ẹnikẹ́ni, títí kan èmi. Ìyá arúgbó kan wà láàárín wọn, tó ti ń pọn omi níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ó fi igbá bu omi, ìdí sìgá mẹ́ta léfòó sójú rẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó dà á nù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣà. Bí gbogbo wọn ṣe wọ inú omi nìyẹn.

Èmi rò pé a ó bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ìyá arúgbó ní rárá, káńsù la ń gbé e lọ. Wọ́n ru àwọn àpò náà, omi ń ro sí wọn lọ́rùn, wọ́n gba àárín ìlú kọjá, àwọn ọlọ́kadà ń yà fún wọn. Èmi àti ìyàwó mi wà lẹ́yìn. Ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó jáde sí wa, ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní òun yóò kọ ìwé ránṣẹ́ sí Adó, kí a máa lọ sílé. Akọ̀wé wà lẹ́yìn fèrèsé, fìlà tuntun wà lórí tábìlì rẹ̀.

Ìyá arúgbó ní, "A ò wá gba ìwé. Ọ̀rọ̀ omi la wá sọ. Ẹ bá wa kó èyí síbi tí kì í ṣe odò."

Wọ́n sọ àwọn àpò kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ káńsù, wọ́n sì fi wọ́n síbẹ̀. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, kí wọ́n sì tó dé ulé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe ilé níbẹ̀, wọ́n ti fẹnu kò. Ọkùnrin tó bá ju ìdí sìgá sínú odò, kò sí obìnrin tí yóò pọn omi dé ilé rẹ̀ mọ́, kò sì sí èyí tí yóò ta oúnjẹ fún un. Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan. Wọn ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bóyá ìwé dé Adó tàbí kò dé, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n òfin àwọn obìnrin mú ènìyàn. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ mú. Obìnrin tó ń pọn omi fún un rí i níbi tó ti ta ìdí sìgá sínú odò, kò sì dé ilé rẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, mo rí akọ̀wé tó ń bọ̀ láti odò, ó ti ká ṣòkòtò ibi iṣẹ́ rẹ̀, garawa wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń dà sí i ní bàtà. Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò sì fi í pamọ́. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó tún wá jókòó tì mí, ó mu sìgá rẹ̀ tán, ó pa iná rẹ̀ mọ́ ara òkúta, ó sì fi ìdí rẹ̀ sínú páálí ìṣáná kan tó ti ṣófo.

Ó ní, "Kì í ṣe nítorí rẹ o."

Mo ní kò ṣe mí ní nǹkan kan, kó ṣáà máa fi síbẹ̀.

Kò jáwọ́, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jáwọ́. Àwọn tó ń wa mọ́tò gba orí afárá kọjá ṣì ń ju tiwọn láti ojú fèrèsé, kò sì sí òfin obìnrin tó lè dá ọkọ̀ tó ń sáré lọ sí Ìsẹ̀ dúró. A ń ṣà á lẹ́yìn òjò. Bí a bá ṣa tán, òmíràn á tún wá, a ó tún ṣà á.

Wọ́n gbé mi lọ sí Ìkẹ́rẹ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Níbẹ̀, tíṣà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé-ẹ̀kọ́ wa na páálí sìgá sí mi ní àkókò ìsinmi, irú èyí tí mo máa ń mu gan-an, ìlà wúrà wà lára rẹ̀. Àárọ̀ tútù ni, ìkùukùu ṣì bo orí àpáta. Mo ní rárá. Ó tọrọ gáfárà, ó ní òun kò mọ̀ pé n kò fẹ́ràn rẹ̀.

Mo sọ fún un pé mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, n kò kàn ní mu ún ni.